Mọ Ìgbà Ọtí Kí O Tó Gbé E Sẹ́nu: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Ọ̀dọ́ Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Ọ̀rún àti Emùré, àti ẹ̀yin tí iṣẹ́ gbé lọ sí Èkó, Àbújá, Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ ọtí ni mo fẹ́ bá yín sọ. N kò wàásù pé kí ẹ má mu ún, n kò sì rán ẹnikẹ́ni lọ sílé ọtí. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé bí Kérésìmesì bá dé, tàbí tí ẹ bá wálé wá ṣọdún Olósùnta, ẹ máa ń gbé ìgò wáìnì pupa ilẹ̀ Faransé wá fún àwa àgbà. Owó tí ẹ fi ra òmíràn nínú wọn, olùkọ́ kan lè fi bọ́ ilé rẹ̀ fún oṣù kan. Ẹ ó gbé e fún wa, a ó súre fún yín, a ó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù onídígí, ó parí síbẹ̀. Ẹni tó fúnni kò mọ bí wọ́n ṣe ń mu ún, ẹni tí wọ́n fún náà kò mọ̀.

Mo ti gbọ́tí fún àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì l'Ékòó kí n tó fẹ̀yìn tì wálé. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìwọ̀nba tí mo mọ̀ nípa wáìnì. Ti ẹmu, oko bàbá mi ni mo ti kọ́ ọ. Nínú méjèèjì, ẹ̀kọ́ kan náà ni mo rí: ohun mímu kọ̀ọ̀kan ló ní ìgbà tirẹ̀, ẹni tó bá mọ ìgbà yẹn ló ń jẹ adùn rẹ̀.

1. Kọ́ ẹnu rẹ lórí ẹmu kí o tó gbé e lọ sídìí wáìnì.

Ọ̀pọ̀ yín ń wá ẹni tí yóò kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tọ́ wáìnì wò, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ wà lóko ẹ̀yìnkùlé. Lágbègbè Ìsẹ̀ àti Emùré, adẹ́mu ṣì ń fi igbà gun ọ̀pẹ kí oòrùn tó yọ. Ra ẹmu lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kí o sì bi í léèrè: ẹmu ọ̀pẹ ni, àbí ògùrọ̀? Ìgbà wo ló sọ̀ ọ́ kalẹ̀? Ṣé ó fọ akèǹgbè kí ó tó gbé e kọ́, àbí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná ṣì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀? Tọ́ ọ wò láàárọ̀, bu díẹ̀ pamọ́ di ọ̀sán, kí o sì ṣẹ́ díẹ̀ kù di alẹ́.

Ti àárọ̀ á dùn, á sì fúyẹ́. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, ìwúkàrà tó bá a wá láti ara ọ̀pẹ àti inú akèǹgbè á ti jẹ ṣúgà rẹ̀, á ti sọ ọ́ di ọtí. Á máa ru, á máa hó, adùn á lọ sílẹ̀, agbára á gòkè. Bó bá di ọjọ́ kejì, kíkan ló kù. Bí ahọ́n rẹ bá ti lè ya ṣúgà, ọtí àti kíkan sọ́tọ̀, tí o sì mọ bí àkókò ṣe ń sọ ọ̀kan di èkejì, ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ wáìnì ti wà lọ́wọ́ rẹ. O ó tún mọ ẹmu tí wọ́n bomi là tí wọ́n sì fi ohun dídùn bò mọ́lẹ̀: ó dùn níwájú ahọ́n, kò sì sí nǹkan kan lẹ́yìn adùn náà.

2. Má fi òṣùwọ̀n ẹmu wọn wáìnì, má sì fi ti wáìnì wọn ẹmu.

Ẹmu àná kò gbó, ó kan ni. Wáìnì pupa tó dára lè lo ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Kí ló fà á? Louis Pasteur, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ló là wá lójú. Ìlú Arbois, níbi tí wọ́n ti ń gbin àjàrà, ló gbé dàgbà ní ilẹ̀ Faransé. Napoleon Kẹta, tó jẹ́ olórí ilẹ̀ náà nígbà yẹn, ní kí ó wádìí ohun tó ń ba wáìnì wọn jẹ́. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1866. Ó fi hàn pé àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán kò lè rí ló ń sọ wáìnì di kíkan, àti pé bí a bá mú un lọ́wọ́ọ́rọ́ láìjẹ́ kí ó hó, wọ́n á kú. Ọ̀nà kan náà ni àwọn onímọ̀ tiwa ní àwọn ilé ìwádìí FIIRO l'Óṣòdì àti NIFOR nítòsí Ìlú Bìní gbà kí ẹmu tó lè wọ inú ìgò láìkan.

Wáìnì pupa tó lè pẹ́ ní ohun mẹ́ta tó ń gbèjà rẹ̀. Ọtí inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 12 sí 14 nínú 100. Ó ní kíkan tí ó bá a wá láti inú èso àjàrà. Ó sì ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní táníìnì, tó ti ara èèpo àti kóró àjàrà jáde, tó máa ń mú ẹnu súnkì. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún nínú ìgò tí kọ́ọ̀kì dí, táníìnì yìí àti àwọ̀ pupa náà á máa so mọ́ra wọn, wọ́n á wúwo, wọ́n á sì rọlẹ̀ di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ìdí rèé tí wáìnì tó gbó fi máa ń rọ̀ lẹ́nu ju ti ọ̀dọ́ lọ, tí àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń ṣí.

3. Ọjọ́ orí kì í sọ wáìnì burúkú di rere.

Ọ̀pọ̀ jù lọ wáìnì tí wọ́n ń ṣe láyé, kí wọ́n mu ún láàárín ọdún mélòó kan ni wọ́n ṣe ṣe é. Àwọn Faransé fúnra wọn ní wáìnì tuntun kan, Beaujolais Nouveau, tí wọ́n máa ń ṣí ní Ọjọ́bọ̀ kẹta oṣù Kọkànlá, kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí wọ́n ká àjàrà rẹ̀. Ẹni tó bá tọ́jú èyí fún ogún ọdún, ìyà ló ń fi jẹ ẹ́. Èyí tó lè gbó ni àwọn bíi Bordeaux tó dára, Burgundy tó dára, àti àwọn kan láti àfonífojì odò Rhône.

Wo ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí 1910 sí 1914. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní 1924, British Museum sì gbà á, wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba dípò rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ayé ṣì ń lọ wò ó. Pípẹ́ kọ́ ló sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá; iṣẹ́ ńlá ni lọ́jọ́ tó kúrò lọ́wọ́ Ọlọ́wẹ̀. Wáìnì tí kò dára lọ́jọ́ tó wọ ìgò, bó pẹ́ títí, ògbólógbòó wáìnì burúkú ni yóò dà.

Ọdún tó wà lára ìgò, ọdún tí wọ́n ká àjàrà ni, ó sì ní ìtumọ̀. Ní Bordeaux, wọ́n ṣì ń fi 1961 àti 1982 yangàn nítorí pé oòrùn àti òjò wọlé lásìkò. Ti 1972 kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbin koko láàárín wa mọ ohun tí mò ń sọ.

4. Pálọ̀ rẹ kì í ṣe àjàalẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ló dùn mí jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fà á gùn. Àwọn tó ń tọ́jú wáìnì di ogbó ń gbé e sí inú àjàalẹ̀ tó ṣókùnkùn, tó tutù ní ìwọ̀n 12 sí 14 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ìtutù náà kì í sì í yí padà ní ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò. Wọ́n á tẹ́ ìgò náà ní ìdùbúlẹ̀ kí wáìnì lè máa rin kọ́ọ̀kì. Bí kọ́ọ̀kì bá gbẹ, á súnkì, afẹ́fẹ́ á ráyè wọlé, nǹkan á bàjẹ́.

Kí ni àwa ń ṣe? A ń gbé e nàró sínú kọ́bọ́ọ̀dù onídígí, ní iwájú fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kí àlejò lè rí i. Láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹta, tí òkúta Olósùnta àti Òrólé pàápàá bá ń gbóná, pálọ̀ onípáànù máa ń kọjá 30 lọ. Ìgò tó ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kò gbó, ó ti sè ni. Ẹ̀yin á máa fi yangàn pé wáìnì bàbá yín ti pẹ́, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú ìgò náà ti kú tipẹ́.

Bí o kò bá ní ibi tó tutù, tó ṣókùnkùn, má ṣe tọ́jú wáìnì láti gbó nílé. Ra èyí tí ẹlòmíràn ti tọ́jú dáadáa, kí o sì mu ún kí oṣù mélòó kan tó kọjá. Fíríìjì lè bá ọ gbé e fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àmọ́ iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kò lè jẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ àjàalẹ̀. Yàrá inú lọ́hùn-ún, nínú àpótí, ní ìdùbúlẹ̀, sàn ju pálọ̀ lọ.

5. Fún un ní ọjọ́ kan kí o tó ṣí i.

Ìgò tó ti gbó ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nínú. Bí o bá gbé e láti inú mọ́tò tí o sì ṣí i lójú ẹsẹ̀, ọ̀nà ti gbọ̀n ọ́n pọ̀, omi kíkorò ni o máa bù sínú ife. Gbé e nàró fún odindi ọjọ́ kan kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀. Bó bá ku bí ìdajì wákàtí, gbé e sínú fíríìjì kí ó lè sún mọ́ ìwọ̀n 16 sí 18; má ṣe sọ yìnyín sínú rẹ̀. Kọ́ọ̀kì tó ti dàgbà máa ń ṣẹ́, nítorí náà fà á jẹ́jẹ́.

Lẹ́yìn èyí, rọra dà á sínú jọ́ọ̀gì mímọ́. Tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ sábẹ́ ọrùn ìgò bí o ṣe ń dà á. Nígbà àtijọ́, àbẹ́là ni wọ́n ń lò. Bí o bá ti rí i tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń sún bọ̀ wá sí ọrùn ìgò, dúró. Díẹ̀ tó kù yẹn, má ṣe bá a du ú. Wáìnì tó sì ti dàgbà gan-an kò fẹ́ afẹ́fẹ́ pípẹ́: ó lè ti dúró de ọ́ fún ọgbọ̀n ọdún, kí òórùn rẹ̀ sì ṣá láàárín wákàtí kan tí o bá ń yà fọ́tò.

6. Ojú, imú, lẹ́yìn náà ẹnu.

Má da ife kún. Bu ú dé ìdá kan nínú mẹ́ta. Tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ lórí aṣọ funfun, kí o sì wo etí rẹ̀. Pupa wáìnì ọ̀dọ́ máa ń dúdú, ó sì máa ń fẹ́ jọ elésè-àlùkò. Ti èyí tó gbó á ti ṣí, etí rẹ̀ á ti di àwọ̀ bíríkì.

Yí ife náà díẹ̀, kí o sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Èso tútù ni ti ọ̀dọ́. Nínú èyí tó gbó, èso náà á ti gbẹ, o ó sì máa gbọ́ awọ, tábà, igi, olú, àti òórùn ewé tó ń jẹrà lábẹ́ igi koko lẹ́yìn òjò. Má ṣe lọ há orúkọ èso òyìnbó tí o kò jẹ rí sórí. Bí imú rẹ bá ní olú inú igbó Ìsẹ̀ ni, olú inú igbó Ìsẹ̀ ni. Ẹni tó ń sọ ohun tí imú rẹ̀ kò gbọ́, irọ́ ló ń pa níwájú ife.

Wàyí o, mu díẹ̀, gbé e yí ẹnu ká, kí o tó gbé e mì. Lẹ́yìn náà dákẹ́. Ibẹ̀ ni wáìnì ńlá ti ń yàtọ̀ sí wáìnì lásán: èyí tó dára á ṣì máa sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ nígbà tí o ti gbé e mì tipẹ́.

7. Má retí ṣúgà.

Ọ̀pọ̀ wáìnì tí ẹ ń mu níbi ìgbéyàwó ní adùn tó jọ ti ṣúgà. Bordeaux pupa kò ní. Bó bá sì jẹ́ ọ̀dọ́, táníìnì rẹ̀ á mú ẹnu rẹ gbẹ, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rún obì. Ẹni tó bá fi obì rírun mọ̀ pé ìkorò àkọ́kọ́ kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀, yóò ní sùúrù fún un. Ní ti oúnjẹ, ata ni ọ̀tá rẹ̀. Fi iyán àti ọbẹ̀ ata sílẹ̀ fún ẹmu. Àwọn méjèèjì ti bára gbé pẹ́. Ẹran sísun tí ata rẹ̀ kò pọ̀ ni kí o fi gba wáìnì lálejò.

8. Mọ èyí tó ti kú, kí o má sì tìjú láti dà á nù.

Bó bá ń rùn bí ọtí kíkan, afẹ́fẹ́ ti wọlé. Bó bá ń rùn bí páálí tó tutù tó sì hu, kọ́ọ̀kì ló kó bá a. Owó ìgò náà kò ní ohun tó lè ṣe sí i. Bí òórùn rẹ̀ bá dà bí ṣúgà tó jóná, ooru ló sè é. Mo ti rí ọkùnrin ńlá tó gbé wáìnì tó ti kan mì níwájú àlejò, tó ń mi orí pé ó dùn, nítorí pé ó mọ iye tí wọ́n rà á. Ìwọ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ ni o fi ń mu ún.

9. Má jẹ́ kí ìwé ara ìgò mu ún fún ọ.

Ní 1855, nígbà ìpàtẹ ńlá ìlú Paris, wọ́n to àwọn oko wáìnì Bordeaux ní ìpele márùn-ún. Oko mẹ́rin ni wọ́n fi sípò kìíní: Lafite, Latour, Margaux àti Haut-Brion. Oko Mouton kò bọ́ sípò yẹn àfi ní 1973. Láti ìgbà náà, orúkọ wọ̀nyí ti di owó. Níbi tí orúkọ bá sì ti di owó, ọ̀bàyéjẹ́ kì í jìnnà síbẹ̀. Rudy Kurniawan, tó ń gbé ní California nígbà náà, ń po wáìnì nílé rẹ̀, ó ń lẹ ìwé àwọn ìgò olówó ńlá mọ́ ọn, ó sì ń tà á fún àwọn ọlọ́rọ̀ tí wọ́n pera wọn ní ọ̀mọ̀ràn. Ilé ẹjọ́ ní New York dá a lẹ́bi ní 2013, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10 ní 2014. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mu ọtí rẹ̀ ló yìn ín kí ọwọ́ òfin tó tó o. Bí o bá rí ìgò Lafite tó gbó lọ́jà ní owó pọ́ọ́kú, ìwọ náà mọ ohun tó yẹ kí o ṣe.

10. Kọ́ ọgbọ́n àlejò, kí o fi tún ti ilé ṣe.

Ní orílẹ̀-èdè Benin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọtí kan wà tó ń jẹ́ sódábì, tí wọ́n ń fi ẹmu pọn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ọmọ ìdílé Sodabi kan tó lọ jagun fún àwọn Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní rí bí wọ́n ṣe ń pọn ọtí líle láti inú àjàrà, ó sì wálé wá fi ẹmu dán an wò. Àwa náà ní ògógóró, tí ìjọba amúnisìn fòfin dè títí wọ́n fi lọ. Èyí tó yẹ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ kọ́ lára wáìnì kì í ṣe bí ẹ ó ṣe máa ná owó lé e lórí. Ẹ kọ́ bí àwọn tó ni ín ṣe ń kọ orúkọ oko àti ọdún sára ìgò, bí òfin wọn láti 1935 ṣe ń dáàbò bo orúkọ ìlú tí àjàrà ti wá, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi orúkọ náà ta irọ́. Bí ẹnì kan nínú yín bá lè ta ẹmu Emùré tàbí ti Ìsẹ̀ pẹ̀lú orúkọ oko àti wákàtí tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, èmi á kọ́kọ́ rà lọ́wọ́ rẹ̀.

11. Díẹ̀ ni wọ́n ń tọ́ wò.

Ẹni tó ń tọ́ ọtí wò kì í yó. Bó o bá fẹ́ wakọ̀ gba ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Àkúrẹ́ lálẹ́, má fẹnu kàn án rárá. Má bù ú fún aboyún, má bù ú fún ọmọdé, má sì fi ipá rọ ẹni tí ẹ̀sìn tàbí ìlera rẹ̀ kò gbà á.

12. Má pẹ́ jù kí o tó ṣí i.

Wáìnì tó gbó ní òkè tó ń gùn. Bó bá dé orí rẹ̀, á dúró níbẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń fi í pamọ́ de ọjọ́ ńlá tí kò lọ́jọ́, yóò ṣí i nígbà tó ti dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ní irú ìgò bẹ́ẹ̀ tí ẹ ń tọ́jú de ọjọ́ ìsìnkú bàbá yín, kí ará ìlú lè rí i lórí tábìlì. Ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún, àwọn èrò ìsìnkú kò sì mọ iyì èyí; wọn á dà á pọ̀ mọ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bàbá tí ẹ rà á nítorí rẹ̀ ni kí ẹ bu ife àkọ́kọ́ fún, nígbà tí ahọ́n rẹ̀ ṣì mọ adùn, tó ṣì lè sọ fún yín pé ẹmu òun ni òun fẹ́ jù. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má bínú. Ẹ lọ ra ẹmu òwúrọ̀ fún un, kí ẹ sì mu wáìnì yín.